Ife Olówùú Pupa ní Efire

Mo rántí ìgbà tí mo rò pé kò sí èéfín ní Efire. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àgọ́-Ìwòyè nígbà náà. Mo ń bá ọ̀gá mi, dókítà obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ Ìlaporu, ṣe ìwádìí lórí ohun tí èéfín ẹja yíyan ń ṣe sí ẹ̀dọ̀fóró àwọn obìnrin etí ọ̀sà ní Efire. Èmi ni mo ń gbé ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín. Mo wọ kóòtù funfun, mo sì ń rìn bí ẹni pé èmi gan-an ni dókítà.

A ti ránṣẹ́ pé à ń bọ̀. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ti gbá gbogbo ahéré ìyanja mọ́ tónítóní, eérú pàápàá kò sí nínú ààrò. Inú mi dùn, mo ní afẹ́fẹ́ Efire dára ju ti Àgọ́-Ìwòyè tí ọ̀kadà kún lọ. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín.

"Àlejò ni wá," ó ní. "Ta ní í gba àlejò sínú èéfín?"

Àṣé wọ́n paná nítorí wa ni. Wọ́n fi ṣe àpọ́nlé fún wa, èmi àti ẹ̀rọ mi sì gbà á gbọ́.

Lára àwọn obìnrin tó wá fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ kejì, èyí tó ń wọn agbára ẹ̀dọ̀fóró, ni ìyàwó ilé kan tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Bí ó bá sọ̀rọ̀ díẹ̀, yóò dúró gba afẹ́fẹ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ fi ife kan bu omi fún un, ife tí wọ́n so òwú pupa mọ́ létí kí ẹlòmíì má baà ṣèèṣì lò ó. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń ṣe é, kò sì gbọ́dọ̀ gbé ọmọ rẹ̀. Ọsibítù ti ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ní kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń rù sí i yẹn, ta ni yóò gba àyẹ̀wò gbọ́?

Ọ̀gá mi kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. A padà lọ láìránṣẹ́. Ó bọ́ bàtà, ó wé gèlè, ó sì ń bá àwọn obìnrin yí ẹja lórí ààrò. Èéfín bo gbogbo ibẹ̀, kóòtù funfun mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwọ̀ ẹja yíyan. Ní kọ̀rọ̀ ahéré ni a ti rí ìyàwó yẹn lórí ẹní.

"Ibí ni wo ń sùn?" ọ̀gá mi bi í ní ohùn Ìjẹ̀bú.

"Ibí náà ni, Mà. Kí n má baà kó o ran ọmọ mi ni."

Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé n kò rántí ka ẹ̀rọ mọ́. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ wá, wọ́n ti ká ẹní yẹn kúrò pẹ̀lú eérú.

Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Ọ̀gá mi mú un kiri ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ títí wọ́n fi rídìí rẹ̀: àìsàn tí kò wọ́pọ̀ ni, ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gbógun ti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tí ó fi ń wú nínú. Èéfín tí ojúgbà rẹ̀ ń fara dà ló ń dá kún un. Kì í ràn rárá. Oògùn tí yóò dá a dúró wà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kúrò nínú èéfín.

Mo ti to ọ̀rọ̀ ńláńlá jọ tí n óò fi bá ìyá ọkọ wí. Ọ̀gá mi kò jẹ́ kí n la ẹnu. Ó jókòó láàárín gbogbo wọn, ó tọrọ omi. Nígbà tí wọ́n gbé ife àlejò wá, ó ní ife ìyàwó ni òun fẹ́. Ó mu ún tán, ó sì nawọ́ rẹ̀ sí ìyá ọkọ. "Ìyá, ẹ bá mi bù sí i."

Ìyá náà wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó fi eyín já òwú pupa náà, ó sì lọ bu omi.

Èmi náà ti di olùkọ́ báyìí, mo sì ti ka ìwádìí púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó ṣe tirẹ̀ bí ọ̀gá mi. Nígbà tí mo dé Efire láìpẹ́ yìí, wọn kò paná dè mí. Ààrò wọn ti ní ihò tí èéfín ń gbà jáde sókè. Ìyàwó yẹn, tó ti di oníṣòwò ẹja, rọra rìn wá, ó dúró gba afẹ́fẹ́ díẹ̀, ó sì gbé omi fún mi nínú ife àtijọ́ náà. Ọmọ rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi, ó mu ún tán, ó ní kí n má bínú, òun ń lọ bu tèmi wá.