Ìgbà Keje Tí Wọ́n Pe Edith

Mi ò mutí, oorun ò sì kùn mí lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pè é ní irọ́, ṣùgbọ́n etí mi méjèèjì yìí ló gbọ́ ọ, ẹnu mi yìí ló sì dá ọ̀ràn sílẹ̀.

Ilé-ìwé girama àtijọ́ kan wà lápá Barking nílùú Òyìnbó níbí. Wọ́n ti ń kọ́ ọmọ níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá ńlá bàbá mi. Èmi àti Màmá Bísí, ìyá Ìjẹ̀bú kan tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà, la jọ ń gbálẹ̀ ibẹ̀. Nílé, tíṣà ni mí, ọdún méjìlá gbáko n'Íwòó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dé láìpẹ́ bíi tèmi, ẹ mọ bó ṣe ń rí.

Ọlidé kékeré inú oṣù kejì ni, kò sí ọmọ ilé-ìwé kankan. Ọ̀gbẹ́ni tó ń bójú tó láíbìrì ń kó àwọn ìwé àtijọ́ jáde, torí wọ́n fẹ́ ṣe àfihàn ìtàn ilé-ìwé náà. Ó ní ká lọ nu yàrá kan níbi tó gbó jù nínú ọgbà. Aago mẹ́ta ọ̀sán ti kọjá díẹ̀.

A ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tá a fi gbọ́ ohùn obìnrin kan. Ó ń pe orúkọ.

Bí tíṣà ṣe máa ń pè é láàárọ̀ gan-an ni. Yóò pe ọ̀kan, ohùn ọmọdé kan yóò dáhùn. Yóò pe òmíràn, òmíràn yóò dáhùn. Mo rò pé ẹ̀rọ kan ni wọ́n gbàgbé láti pa.

Mo yọjú wo inú yàrá láti ojú gíláàsì ara ilẹ̀kùn. Wọ́n ti dojú àga dé sórí tábìlì. Kò sí ẹnì kankan. Ohùn náà sì ń lọ.

Màmá dì mí lápá mú. Ojú rẹ̀ jọ ti ẹni tó ti gbọ́ ọ rí.

"Má dá a lóhùn o," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Ohùn náà wá pe Edith. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún un pè. Ẹ gbà mí gbọ́, èmi náà ti pe ọmọ rí tí kò dáhùn, tá a wá padà gbọ́ pé ọmọ ọ̀hún ti kú. Obìnrin yìí pè é lẹ́ẹ̀keje. Ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n.

Àánú ló ṣe mí. Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là.

"Mo wà níbí, mà."

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ẹnì kan mí kanlẹ̀, bíi ti ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Mo tún gbọ́ tí wọ́n pa ìwé kan dé.

Màmá fà mí jáde. Ó ń ka Sáàmù.

Lọ́jọ́ kejì, mo béèrè Edith lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni láíbìrì. Ó ní nígbà ogun Hítílà, wọ́n kó àwọn ọmọ ilé-ìwé náà lọ sábúlé kí bọ́ǹbù má baà pa wọ́n. Edith sá kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó gbà á sílé, ó ní òun ń lọ bá ìyá òun. Kò délé. Wọn ò rí i mọ́. Tíṣà rẹ̀ ò sì yé pe orúkọ rẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì.

Ó ṣí rẹ́jísítà fún mi. Òdo, àmì pé ọmọ ò wá, ló tò lọ rẹrẹẹrẹ níwájú orúkọ náà, àfi èyí tó kẹ́yìn. Wọ́n ti máàkì pé ó wà. Ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí nígbà tóun ya fọ́tò rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó pa ìwé náà dé.

Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ilé àwọn arúgbó kan ní Rush Green ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ẹ̀rù nìkan kọ́ ló lé mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣì ń wá ọmọ yẹn, mo sì parọ́ fún un pé ó ti dé.

Màmá pè mí lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn. Ó ní láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ mọ́. Ṣùgbọ́n bí aago mẹ́ta bá ti kọjá, ọwọ́ kékeré kan, bíi ti ọmọdé, á máa kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé-ìwé náà. Òun ò láyà láti ṣí i.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ tí kì í ṣe tiyín, ẹ pa ẹnu yín mọ́, àánú ì báà ṣe yín títí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni orúkọ dáhùn fúnra rẹ̀.