Wọ́n Ní Ara Rẹ̀ Dá, A Sì Ti Sin Ín

Mo ti sùn nínú páìpù gọ́tà rí. Mo ru kọnkéré títí àtàrí mi fi pá kí n tó gbéyàwó. Ìyá mi kú sí mi lọ́wọ́, olùkọ́ sì lé mi kúrò ní kíláàsì kẹta, ó ní orí mi le bí òkúta. Ó le lóòótọ́; òun ni mo fi kọ́ ilé mẹ́ta. Ẹni tó bá rìn ládùúgbò wa tí kò rí búlọ́ọ̀kù tí mo yọ, ojú ló ń dùn ún. Nínú gbogbo ìyà yẹn, omi kò bọ́ lójú mi. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló bọ́, nígbà tí a sin ọmọ ọdún mẹ́fà kan.

Ayálégbé mi ni ìyá rẹ̀, aránṣọ ni. "Ìyàwó mi" ni mo máa ń pe ọmọ náà. Bó bá ń lọ síléèwé láàárọ̀, á nawọ́ sí mi: "Ọkọ mi, bísíkítì dà?" Bí mo bá ní kò sí, á rẹ́rìn-ín: "Kò burú, màá fẹ́ ẹlòmíì."

Fọkanáísà ni bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ tí táyà lọ́rì bú gbàmù tó sì pa á, ọmọ yìí ló gbé oúnjẹ lọ fún un. Ojú rẹ̀ ló ṣe. Láti ọjọ́ náà, kò bèèrè bísíkítì mọ́. Bí ilẹ̀kùn bá dún, á sá. Bó bá sùn, á tọ̀.

Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé wá rán àwọn ènìyàn wá yẹ ọkàn àwọn ọmọ wò. Iṣẹ́ tó dára ni, n kò bú u: kí wọ́n mọ ọmọ tí ìbẹ̀rù tàbí ìbànújẹ́ ti wọ̀ lára, kí wọ́n tètè tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti ṣe é? Lójúde ilé! Gbogbo àdúgbò pé jọ bí ẹni tó wá wòran. Obìnrin kan lára àwọn aláyẹ̀wò náà, tí awò ojú rẹ̀ wà létí imú, pariwo:

"Ìyá, ṣé ọmọ yín ṣì ń tọ̀ sílé?"

Aránṣọ wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ọmọ tèmi kẹ̀? Ká má rí i."

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Ìyá Eléèédú, ọ̀tá rẹ̀ nínú ilé, ló gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Tòlótòló ló ń tọ̀ sórí ẹní tẹ́ ẹ̀ ń sá lójoojúmọ́ nìyẹn!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí.

Aláyẹ̀wò tún bi í: "Ṣé ẹ̀rù máa ń bà á láìnídìí?"

"Ẹ̀rù wo? Ara ọmọ mi dá ṣáṣá!"

Ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ó parí. Wọ́n pe ọmọ tó kàn.

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ìyá wo ló máa dìde lójú ẹlẹ́nu méjì-méjì, kó ní ọkàn ọmọ òun ti dàrú? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n fi kọrin fún un nídìí ẹ̀rọ omi ni? Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Ta ni kò kọ́ yín nílé? Ẹ tún wá dúró níwájú gbohùngbohùn, ẹ ní ládùúgbò wa, kò sí ọmọ kan tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún ara yín. Ẹ kú iṣẹ́ o!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ tipà kan da òkúta sílẹ̀ lẹ́bàá títì. Ó dún gbàmù. Ọmọ náà sáré já sójú títì, bọ́ọ̀sì sì gbá a pa.

Mo lọ bá ọ̀gá àwọn aláyẹ̀wò náà lọ́fíìsì.

"Bàbá, ẹ má bínú," ó ní. "Ohun tí ìyá bá sọ la máa ń kọ."

"Bí dókítà bá bi ọ́ láàárín ọjà pé ibo nínú ìdí rẹ ló ń dùn ọ́, ṣé wàá bọ́ ṣòkòtò?"

"Bàbá, ìlànà wà. Ẹ ò lè mọ̀."

N kò lè mọ̀! Èmi tí mo máa ń fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, kí n gbọ́ bóyá ó ti sán nínú, kí n tó tà á! Àwọn kan tún ti ń sọ pé ìyá ọmọ náà ló purọ́ pa á. Ẹ pa ẹnu yín dé. Ẹni tó bi í léèrè lójú agbo ló kọ́ ọ nírọ́.

Ó ku àbúrò ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́rin. Abẹ́ tábìlì ìránṣọ ló ń jókòó sí báyìí. Bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, á bu onítọ̀hún jẹ. Àwọn aláyẹ̀wò sì ń padà bọ̀ ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ gbọ́ o. Lọ́jọ́ náà, n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni bi ìyá kankan ní ìbéèrè lójúde mi. Màá kó sìmẹ́ǹtì kúrò nínú yàrá ìsàlẹ̀, màá gbé àga mẹ́ta síbẹ̀, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ni yóò máa wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ aránṣọ ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Ọ̀gá ọ́fíìsì fúnra rẹ̀ ni yóò jókòó tì í, yóò sì sọ fún ìyá rẹ̀ ní ojúkojú ẹni tó pàṣẹ ìbéèrè ìta gbangba yẹn, àti ibi tí wọ́n ti máa tọ́jú ọmọ yìí. Èmi ni màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ á sì wà lápò mi títí ọ̀gá yóò fi sọ ọ́. Kí ọ̀gá jẹun yó kó tó wá.