Ọjọ́ Tí Mo Fi Awò Wo Bàbá Onílé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi létí díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Moníyà nígbà tí mo ń ṣe tíṣà sáyẹ́ǹsì níbẹ̀. Ayé ìjọba sójà ni. Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí wọra.

Ìràwọ̀ ni mo fẹ́ràn. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ra góòlù, èmi ń wo òkè! Tí wọ́n bá ti mú iná lọ báyìí, tí gbogbo adúgbò ń ṣépè, èmi á gbé àpótí lọ sí ẹ̀yìnkùlé, inú mi á máa dùn. Awò ọlójú méjì kan ni mo ń lò, irú èyí tí àwọn sójà máa ń fi kọ́rùn.

Bàbá onílé wa nìkan ló máa ń bá mi jókòó. Àgbẹ̀ ni Bàbá. Wọ́n á nawọ́ sí Àgùàlà, wọ́n á ní àwọn aláìmọ̀kan ló ń pè é ní ajá òṣùpá, kì í ṣe ajá ẹnì kankan! Bàbá tó bí mi gan-an kò bá mi jókòó tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ni òyìnbó kan tó ń ṣèwádìí irè oko lápá ibẹ̀ bá fẹ́ padà sílé, ó ń ta ẹrù rẹ̀. Mo rí awò-awọ̀nàjíjìn gidi níbẹ̀, gígùn gbọọrọ, lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ọkàn mi fò lọ bá a! Mo ta fíríìjì mi, mo ta awò ọlójú méjì, mo gbé e. Ta ló ń ta fíríìjì nítorí ìràwọ̀? Èmi ni!

Ohun kan wà nípa awò tuntun yìí tí ti àtijọ́ kì í ṣe. Gbogbo ohun tó bá fi hàn ọ́, orí rẹ̀ á wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà lókè. Bí wọ́n ṣe ń ṣe awò ìràwọ̀ nìyẹn. Ìràwọ̀ ò lórí, kò lẹ́sẹ̀, kí ló kàn án?

Lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀sán, gbogbo ilé fẹ́ wo ìbọn Mìísì, èmi tíṣà ni Mìísì ọ̀hún. Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn. Bàbá ní kí wọ́n fi wo àwọn. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé agbádá wọ̀, wọ́n dé fìlà, àfi bí ẹni ń lọ ya fọ́tò. Wọ́n rìn lọ sí ìdí ọ̀pẹ kan ní ìsàlẹ̀ oko ẹ̀gẹ́, ibi tó jìnnà dáadáa, wọ́n sì dúró ṣánṣán.

Ìyá Bọ̀sẹ̀, àkọ́bí Bàbá, tí a jọ ń gbé inú ilé náà, ló kọ́kọ́ fojú sí i. Igbe tó ké! Ó ní mo ti dorí bàbá òun kodò! Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í fi irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré nílẹ̀ wa. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi fẹ́ bó mi. Nígbà tí Bàbá gòkè bọ̀, ẹ̀rín ni wọ́n rín. Wọ́n ní orí àwọn ṣì wà lọ́rùn àwọn, kí wọ́n gbé oúnjẹ wá.

Kò pẹ́ kò jìnnà, Bàbá ṣubú nídìí kànga. Apá kan ara wọn kú, ẹnu wọn wọ́.

Háà, ojú mi rí màbo! Ẹni tí mo bá kí kò dáhùn mọ́. Ìyá Bọ̀sẹ̀ mú wòlíì ìjọ rẹ̀ wá, wòlíì ní òun rí ọkùnrin kan lójú ìran tó rọ̀ sórí igi bí àdán. Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í panu mọ́. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, kí wọ́n gbé Bàbá lọ sọ́sibítù. Ìyá Bọ̀sẹ̀ ní bí mo bá tún lanu, òun á fi omi gbígbóná wẹ̀ mí.

Èyí tó dùn mí jù ni pé Bàbá fúnra wọn ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀rọ̀ ò já geere lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n ó yé mi.

"Mìísì, jọ̀ọ́, gbé orí mi padà sókè."

Bàbá tó ti fi í rẹ́rìn-ín! Àwọn náà ti gbà á gbọ́. Mo sunkún níwájú wọn.

Kí ni n bá ṣe? N ò lè yí awò padà, ṣùgbọ́n mo lè yí ara mi. Bí orí tèmi náà bá wà nísàlẹ̀, ohun tó dorí kodò á dúró dáadáa lójú mi. Mo sọ fún Ìyá Bọ̀sẹ̀, ó gbà. Ó ní ojúmọmọ ni màá ti ṣe é o, lójú gbogbo ayé, níbi tí mo ti ba nǹkan jẹ́ gan-an.

Wọ́n wọ agbádá fún Bàbá, wọ́n gbé wọn lọ sí ìdí ọ̀pẹ lórí àga, wọ́n fi ọ̀já dè wọ́n mọ́ ọn kí wọ́n má baà ṣubú. Ìyá Bọ̀sẹ̀ ní kí gbogbo èèyàn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí awò má baà mú ẹlòmíì. Oòrùn ń ta ganrínganrín. Àwọn ọmọ kíláàsì mi náà wá wòran.

Mo kẹ̀yìn sí awò, mo bẹ̀rẹ̀, mo ti orí bọ àárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì, ìdí mi wà lókè. Ẹ̀rín tí wọ́n rín mi! Ẹnì kan ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ lù mí.

Mo rí Bàbá. Awò yẹn dára, kí n má purọ́! Orí wọn wà lókè, ẹsẹ̀ wọn wà nílẹ̀. Mo rí òógùn iwájú orí wọn. Wọ́n rọra gbé ọwọ́ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sókè sí mi. Ọwọ́ náà já wálẹ̀. Wọn ò mí mọ́. Eṣinṣin bà sí ojú wọn tó là sílẹ̀, wọn ò ṣẹ́jú.

Ìyá Bọ̀sẹ̀ ń jágbe lé mi lórí, ó ń bi mí bóyá orí bàbá òun ti padà sókè. Lọ́nà tó jìn tó yẹn, ta ló tún lè rí wọn bí kò ṣe èmi?

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti padà sókè.

Ariwo ayọ̀ ta! Wọ́n fọpẹ́ fún Ọlọ́run, wọ́n dá orin, wọ́n ń jó lọ bá òkú.

Wọ́n fọ́ awò náà mọ́ ara ọ̀pẹ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo sì kó kúrò ní Moníyà. Títí di òní, Ìyá Bọ̀sẹ̀ ń sọ káàkiri pé èmi ni mo wo bàbá òun pa. Èmi ni mo wò wọ́n kẹ́yìn.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ju èyí lọ: bí ẹ bá ra ohun tó dára, ẹ fi wo òkè, ẹ má fi wo ẹni tí ẹ fẹ́ràn. Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà rí? Ẹ sọ tiyín fún mi. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, kó rín in, kì í ṣe òun lá kọ́kọ́ rín mi.