Ibi Tí Bàbá Ṣàíbù Ti Ń Sùn

Ní ọdún 1973, irun fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Mọ̀núrù onígbàjámọ̀. Áfúrò ni àwọn ọ̀dọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó ń dá sí; ẹnì kankan nínú wọn kò gẹrun mọ́. Àwọn àgbà tó ń fá orí nìkan ló kù fún un ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Adéníji Adélé, àwọn náà kì í sì í wá àfi láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, kí wọ́n tó lọ kírun. Ọjọ́ mẹ́fà tó kù, Mọ̀núrù á kàn jókòó. Níbi tó jókòó sí yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn.

Ìtàn ọ̀hún dá lórí ọkùnrin kan, Bashiru, tí ìyàwó rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Ọbaléndé láti ra ọsàn, tí kò sì padà wá mọ́. Mọ̀núrù fẹ́ mọ̀ bóyá ó dáa. Kò mọ òǹkọ̀wé kankan, oníbàárà ló mọ̀. Nítorí náà, tó bá ti fá ẹ̀gbẹ́ kan orí èèyàn tán, á gbé abẹ kalẹ̀, á nu ọwọ́, á mú ìwé, á sì máa kà á. Kò sẹ́ni tó dìde lọ rí. Ta ló fẹ́ gbé orí tó fá ku ìdajì jáde sí títì?

Gbogbo wọn ló ní ìtàn náà dùn. Mọ̀núrù ò gbà wọ́n gbọ́, torí abẹ ṣì wà nítòsí.

Bàbá Ṣàíbù nìkan ni kò purọ́. Ará Ìjẹ̀bú tó ń ta awọ ni, ó sì sùn. Nígbà tó jí, Mọ̀núrù bi í pé:

"Bàbá, ibo lẹ gbọ́ dé?"

"Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni."

Ìlà kẹta ni oòrùn ti yọ. Mọ̀núrù fi bíárò pupa sàmì síbẹ̀, ó sì yọ oòrùn kúrò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Bàbá Ṣàíbù gbọ́ dé ojú ìwé kejì, níbi tí Mọ̀núrù ti ń ṣe wáàsí lórí sùúrù. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ wáàsí yẹn. Ó dùn ún gan-an, ṣùgbọ́n ó fa ibẹ̀ ya.

Ojú ìwé kẹrin ni ọ̀rọ̀ wá dojú rú sí, níbi tí Bashiru ti mọ̀ pé ìyàwó òun ti lọ. Ó tún un kọ lẹ́ẹ̀marùn-ún, Bàbá Ṣàíbù ń sùn síbẹ̀. Mọ̀núrù wá kà á fún Ganiat ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́.

"Kí ni Bashiru sọ?" Ganiat bèèrè.

"Ó ní, 'Áà! Ayé o! Ayé ò ní ìtumọ̀!'"

"Bàbá Morufat, tí èmi bá lọ, ṣé ohun tẹ́ẹ máa sọ nìyẹn?"

Mọ̀núrù rò ó dáadáa. "Rárá. Màá bèèrè pé ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ ilé wà."

Ganiat padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Mọ̀núrù kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ojú Bàbá Ṣàíbù là sílẹ̀ kedere.

"Kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún ńkọ́? Ọwọ́ ta ló wà?"

"Mi ò tíì kọ ọ́ débẹ̀, bàbá."

"O ò tíì kọ ọ́ débẹ̀? Yáa fá ẹ̀gbẹ́ kejì fún mi, kó o lọ kọ ọ́."

Lẹ́yìn Iléyá ló parí rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn Yorùbá kan. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Múnírù. Wọ́n tún gé gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ dànù láìbèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ méjì ni inú fi bí i. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó ka ìtàn náà sókè pẹ̀lú gbólóhùn méjèèjì, ó sì tún kà á láìsí wọn. Ó dáa jù láìsí wọn. Kò sọ fún ẹnì kankan.

Ó ra ìwé tuntun. Ìtàn kejì jẹ́ ti obìnrin kan ní Pópó Àgùdà tó fẹ́ ta ilé tí kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tí gbólóhùn àkọ́kọ́ fi parí, ó ti tà á.