Mọ́tò Tó Ń Yáná ní Libreville

Mo rántí ìgbà tí atẹ́gùn gbígbóná kan fẹ́ lé mi kúrò nílùú yìí. Inú mọ́tò ló ti ń jáde, mọ́tò àgbà ìlú wa kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Mont-Bouët. Firígò ni mò ń tún ṣe nígbà yẹn, ní àdúgbò Rio. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìyẹn náà mi ò kà á tán. Àmọ́ ẹni tó mọ firígò, ṣé kò yẹ kó mọ kilíìmù tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù nínú mọ́tò? Bí mo ṣe rò ó nìyẹn, ni mo bá gbà láti tún un ṣe.

Ìyàwó bàbá yìí ń ṣàìsàn kíndìnrín. Láti Akanda níbi tí wọ́n ń gbé ni wọ́n ti ń gbé e lọ fọ ẹ̀jẹ̀ láàárín ìlú, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Tí wọ́n bá ṣí wíńdò, èéfín á máa mú un wúkọ́. Tí wọ́n bá tì í, ooru á mú un débi pé ńṣe ni wọ́n máa ń gbé e sọ̀kalẹ̀.

Mo fún mọ́tò náà ní gáàsì tó ń mú kilíìmù tutù. Ó gbóná. Mo tún fún un, ó gbóná sí i, bíi pé mo bú u. Ohun tó ń dà mí láàmù ni pé tí mo bá ṣí iwájú mọ́tò, tí mo fọwọ́ kan páìpù, ó tutù, ó ń làágùn bí ìgò ọtí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jáde. Òtútù wà níwájú, iná ń jáde nínú. Firígò oníbàárà á wà níwájú mi, ọkàn mi á wà ní Akanda.

Nígbà tó yá, ìyá náà ní òun ò lọ fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́. Níṣojú mi ló ti sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀: "Bàbá àwọn ọmọ, tí mo bá máa kú, ẹ jẹ́ kí n kú sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Èmi kì í ṣe ẹran tí wọ́n ń yan."

Mo bẹ bàbá kó gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ ará Kamẹrúùnù kan tó mọ iṣẹ́ kilíìmù mọ́tò. Ó wò mí bíi pé mo ṣépè. "Kí n ní ọmọ ìlú mi, kí n wá gbé mọ́tò fún àjèjì? Ojú wo ni mo fẹ́ gbé lọ sípàdé àwọn ọmọ ìlú wa?"

Ìyá ní, "Ẹ gbé ojú yẹn lọ sípàdé o, kẹ́ ẹ gbé òkú mi dání."

A ní kó fẹ́ni lójú, ó fata sẹ́nu. Èmi gan-an ni.

Mo bẹ ìyá kó jẹ́ ká lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n bá wọn lọ. Ó ní, "Wá jẹ nínú ìyà ẹ̀." Mo jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá, ìyá wà lẹ́yìn. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọkọ̀ ò rìn. Mò ń na ẹsẹ̀, mò ń ká a, títí tó fi kọ́ wáyà kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Nǹkan dún kò. Atẹ́gùn yí padà, ó tutù.

Mo tẹrí bọ abẹ́ ibẹ̀. Wáyà tó ń ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan, tó ń darí atẹ́gùn sí òtútù tàbí sí ooru, ló ti yọ, ilẹ̀kùn wá há síbi ooru. Àṣé àwọn òyìnbó máa ń fi ààrò sínú mọ́tò nítorí òtútù ìlú wọn. Firígò kì í ní ààrò. Ta ló sì fẹ́ yáná ní Libreville, tí mo fi máa wá a? Mo fi okùn so ó. Bàbá ní, "Ọmọ ìlú mi, àbí kí ni mo sọ?" Mi ò sọ fún un pé ẹsẹ̀ mi ló mọ iṣẹ́.

Nígbà tá a dé ọgbà ilé ìwòsàn, ìyá ti sùn lọ, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Bàbá ò pa ẹ́ńjìnnì. Ó rọra ní, "Jẹ́ kó sùn díẹ̀ ná." Àwa méjèèjì jókòó síbẹ̀, òtútù ń mú wa.

Kilíìmù mọ́tò gan-an niṣẹ́ mi báyìí. Ìyá ṣì ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn oníbàárà máa ń bi mí, tí mo bá ṣe tán, pé kí ni mò ń wá lórí ìjókòó ẹ̀yìn nígbà tí iwájú ti tutù. Mo máa ń ní mò ń sinmi ni. Irọ́ ni. Ara mi kì í balẹ̀ títí atẹ́gùn yẹn fi máa dé ibi tí aláìsàn lè jókòó sí.