Òdòdó Tí Bàbá Mi Bò Mọ́lẹ̀

Èmi tí ẹ ń wò yìí, nígbà tí mi ò tíì ga ju ìkòkò omi lọ, ẹ̀yìn ìyá mi ni mo máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Bó bá ń lọ sódò, mo ti tẹ̀ lé e. Bó bá wọ ilé ìyàgbẹ́, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá di etí ìró rẹ̀ mú. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní àdúgbò wa ní Òde-Ayé pé ọmọ yìí kò ní í já lẹ́nu ọmú láéláé. Kí wọ́n máa wí! Mo ti rí ẹrù tí ìyá mi dì pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì mọ̀ pé ọjọ́ tí mo bá gbójú kúrò lára rẹ̀, ó lè lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, ọmọ etí omi ni ìyá mi. Àárín àwọn apẹja ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Bàbá mi, ọmọ Ìkálẹ̀, àgbẹ̀ paraku, ló fẹ́ ẹ wá sílé. Bàbá mi kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ wa, kì í wọ́n nílé wa, epo kì í tán, ó sì fi páànù tuntun bo ilé nígbà tí ewé ṣì wà lórí ilé àwọn ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá mi ti dé ilé ọkọ, bàbá mi kò jẹ́ kó tún fẹsẹ̀ kan ilé àwọn òbí rẹ̀. Ìyàwó àbúrò bàbá mi kan ló lọ kí àwọn ènìyàn tirẹ̀ nígbà kan tí kò padà mọ́, ẹ̀rù nǹkan yẹn ló ń bà á. Bí ìyá mi bá ti mẹ́nu ba ìrìn àjò, bàbá mi á ní, "Kí lo fẹ́ tí o kò rí níbí?" Ìyá mi á tún gbá àgbàlá tó ti gbá tẹ́lẹ̀, á lọ dúró sí etí títì, á máa wo ọ̀nà. Ara rẹ̀ kì í balẹ̀, ara tèmi náà kì í balẹ̀.

Ní ọjọ́ ọjà kan, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin tó wá ta ẹja gbígbẹ gbé nǹkan kan wá fún un láti ilé: òdòdó tó máa ń hù lára igi etí omi lágboolé wọn. Ìjì ló dá ẹ̀ka igi náà. Àwa tiwa lóko, ohunkóhun tó bá ti hù lórí igi, àfòmọ́ la ń pè é, àdá la sì fi ń kí i. Ṣùgbọ́n ìyá mi gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó wá ajere, ìkòkò oníhò yẹn, ó kó àpáàdì àti èédú sí i, ó ya èèpo àgbọn lé e, ó wá gbé òdòdó náà jókòó láìfi erùpẹ̀ kankan sí i. Ó so ó rọ̀ sábẹ́ igi ọsàn, níbi tí oòrùn àárọ̀ á ti kàn án, tí ti ọ̀sán kò ní í jó o. Gbòǹgbò rẹ̀ nípọn, ó funfun, ó ń gba ojú ihò yọ síta. Láti ọjọ́ yẹn, ìyá mi kò lọ sí etí títì mọ́. Mo ń gbàdúrà kí òdòdó yìí má kú, torí mo gbà pé òun ló ń dá a dúró.

Bàbá mi ń wò ó, àánú ń ṣe é. Nǹkan ọ̀gbìn tí kò ní ilẹ̀! Ní ọjọ́ Ìsinmi kan tí èmi àti ìyá mi wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà, ó wá ìkòkò tuntun, ó bu ilẹ̀ dúdú láti ààtàn, ó po ìgbẹ́ ewúrẹ́ mọ́ ọn, ó bo gbogbo gbòǹgbò yẹn mọ́lẹ̀ dáadáa. Nígbà tá a dé, ó dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kúnlẹ̀ dúpẹ́. Kí ni kó sọ?

Láàárọ̀ lálẹ́ ni bàbá mi ń bomi rin ín. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó tún bu ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí i. Ìyá mi ti padà sí etí títì. Nígbà tí mo yọjú wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹrù yẹn ti tóbi sí i. Háà, mi ò lè jẹun!

Àfi àárọ̀ ọjọ́ kan tí ìyá mi gbé ìkòkò náà, tó dà á sílẹ̀ gbàà. Gbòǹgbò ti rà, ó ń rùn. Bàbá mi sáré jáde pẹ̀lú pákò lẹ́nu.

"Kí lò ń ṣe yẹn? Gbogbo ilẹ̀ dáadáa tí mo fún un!"

"Ilẹ̀ yín dára, bàbá ọmọ mi," ni ìyá mi wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Kì í jẹ ilẹ̀ ni. Afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́. Ẹ bò ó mọ́lẹ̀, kò rí èémí mí."

"Afẹ́fẹ́ kẹ̀? Ta ni afẹ́fẹ́ ń yó?"

"Èmi ni."

Ó jókòó sílẹ̀, ó fi ọ̀bẹ gé èyí tó ti rà dànù, ó fi ìko so ìwọ̀nba tó kù mọ́ ara igi ọsàn. Bàbá mi wọlé. Mo gbọ́ tó ń wọ́ nǹkan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹrù yẹn ló gbé jáde! Ó ti mọ̀ látọjọ́ yìí. Ó dè é mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní, "Wá ká lọ, kí ọkọ̀ ojú omi má baà fi ọ́ sílẹ̀."

Mo ké, mo yí nílẹ̀. Wọ́n lọ náà ni.

Ẹ ò rí ìyà! Àwọn ará àdúgbò ní ó ti lọ gbére. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni bàbá mi ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sétí omi, á sì dá nìkan padà, á ní ebi kò pa òun. Mo bínú sí i gan-an. Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ṣàdédé gbọ́ ohùn lójúde: "Ta ló ní kí àgbàlá yìí rí báyìí?" Ìyá mi nìyẹn, pẹ̀lú ẹja lórí àti ẹní tuntun lábẹ́ apá. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọdọọdún ló ń lọ, tó sì ń padà, títí àgbà fi dé sí i.

Ayé ti yí. Ọ̀nà ọ̀dà ti dé etí omi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń fò lọ sókè òkun bí ẹni ń lọ sẹ́yìnkùlé, kò sọ́kọ tó lè ní kí ìyàwó má lọ kí ìyá rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ọkọ ló ń di aya mú, nísinsìnyí ọmọ ló ń di ìyá mú. Bàbá yín mú mi wá sí Èkó níbí, ó fún mi ní yàrá tó tutù nini, ó ní kí wọ́n máa ti géètì. Bí mo bá ní mo fẹ́ lọ sílé, á ní ta ni yóò tọ́jú mi níbẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, mo ń ṣàdúrà fún un. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ yìí, ẹ bá mi sọ fún un pé mo ń lọ sílé. Ẹ ní mi ò bínú. Ẹ ní màá padà wá.