Àwòrán Tí Kì Í Ṣe ti Mítà

Láti kékeré ni obìnrin yìí ti máa ń dúró. Bí màmá rẹ̀ bá rán an ní iyọ̀, ọbẹ̀ á hó, á gbẹ, á fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná, ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ kò tíì dé. Bí wọ́n bá wá a lọ, wọn á bá a níbi tó lóṣòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń wo bí àwọn èèrà ṣe ń gbé ìyẹ́ apá labalábá kan kọjá lórí igi tín-ín-rín. Wọn á ní, "Kí lò ń ṣe níbí?" Á ní, "Ẹ dúró ná." Bí orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ṣe di ohun ìgbàgbé nìyẹn, tí tilé-toko ń pè é ní Dúró-ná. Orúkọ náà bá a dàgbà, ó bá a dé ẹnu iṣẹ́, ó sì bá a pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì.

Iṣẹ́ tó ń ṣe ni kíka mítà omi. Òpópónà mẹ́rìnlá tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ńlá, òun ló ni wọ́n, ojúlé dé ojúlé. Mítà kì í sì í gbé ibi tó dáa. Òmíràn wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, òmíràn wà lẹ́yìn ilé ìdáná láàárín òfìfo ìgò, ọ̀pọ̀ wọn sì wà nínú kòtò tí wọ́n fi ìdérí irin bò, tí aláǹtakùn àti ọ̀pọ̀lọ́ ti sọ di ilé baba wọn. Á ṣí ìdérí, á fi àkísà nu ojú mítà, á fi fóònù tí ọ́fíìsì fún un ya fọ́tò rẹ̀, ó di ilé kejì. Fọ́tò yẹn ni ẹ̀rí pé ó débẹ̀ lóòótọ́, nítorí àwọn kan ti ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀ tí wọ́n ń jókòó sílé, tí wọ́n ń ti inú orí ara wọn ka omi tí onílé lò.

Abẹ́ àtẹ̀gùn kan lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Dúró-ná ti ya ojú mítà tán, ó fẹ́ nàró, ló bá gbójú sókè. Obìnrin kan wà lókè àtẹ̀gùn tó ń gbọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun kan. Afẹ́fẹ́ gba abẹ́ aṣọ náà wọlé, aṣọ wú, ó ga, ó fẹ̀, oòrùn gba inú rẹ̀ kọjá, eruku tó ń bọ́ lára rẹ̀ sì ń dán yinrin-yinrin bí ẹni pé ẹnì kan ń fọ́n wúrà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ dúró ná!" ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Obìnrin náà dúró lóòótọ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lókè. Ó rò pé ejò ni. Dúró-ná tẹ fóònù. "Ẹ ṣeun, mà," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ, ó ń yára bí ẹni tó jí nǹkan.

Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn. Kì í wá àwòrán kiri, torí ó mọ̀ pé bí òun bá ń wá a, òun ò ní rí i. Yóò kàn máa rìn ni. Ọkàn rẹ̀ á fò lọ díẹ̀ bíi ti ẹni tí oorun ń gbé, ayé á rọ̀ wọ̀ọ̀, ariwo ọkọ̀ á jìnnà, nǹkan kékeré kan á wá yọrí láàárín gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó pè é lórúkọ. Ó ya onígbàjámọ̀ kan tó sùn lọ lórí àga oníbàárà rẹ̀, ẹnu yàú, àlùmọ́gàjí lórí àyà. Ó ya àwọn bàbá arúgbó méjì tí wọ́n jọ ń ka ìwé ìròyìn kan ṣoṣo: ọ̀kan ń ka iwájú, èkejì jókòó kọjú sí i, ó ń ka ẹ̀yìn, bí ti iwájú bá sì fẹ́ ṣí i, ti ẹ̀yìn á ní, "N ò tíì kà á tán o." Èyí tó wù ú jù ni ti ọmọdé kan tó jáde nínú balùwẹ̀ tó sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ sìmẹ́ńtì kọjá. Ọmọ náà ti wọlé lọ. Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù, àkọ́kọ́ ti ń gbẹ tán, èyí tó kẹ́yìn ṣì tutù rinrin, bí ẹni pé ẹsẹ̀ ọ̀hún ló ń pa ara rẹ̀ rẹ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ẹni tó ni ín.

Dúró-ná gbà pé fọ́tò tí òun bá kọ nọ́ńbà ilé sí nìkan ló ń lọ sí ọ́fíìsì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Gbogbo ohun tí fóònù náà bá ti fojú rí ló ń gbà lọ sínú ẹ̀rọ ọ́fíìsì, tọmọ-tìyá. Oṣù mẹ́jọ ló fi ń ránṣẹ́ tí kò mọ̀ pé òun ń ránṣẹ́.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, ọ̀rọ̀ wọlé sórí fóònù: "Òǹyẹ̀wò fẹ́ rí ọ lọ́la, aago mẹ́wàá. Mú fóònù dání."

Òǹyẹ̀wò ni ọkùnrin tó ń wo gbogbo fọ́tò mítà tó bá wọlé. Yàrá kan ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú àwọn tó ń ka mítà, àwọn tó mọ ojú rẹ̀ kò tó nǹkan. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn: "Kò hàn. Padà." Bó bá ti kọ ọ́ sí ọ, bí ilé náà wà lókè ọ̀run, ìwọ lo máa padà lọ tún un yà. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fi í dẹ́rù ba ara wọn bí ìyá ṣe ń fi abẹ́rẹ́ dẹ́rù ba ọmọ.

Yàrá méjì ni òun àti màmá rẹ̀ ń gbé, lókè ṣọ́ọ̀bù aránbàtà kan, tí òórùn gọ́ọ̀mù bàtà ń gba àárín pákó ilẹ̀ gòkè wá. Màmá jókòó sẹ́bàá fèrèsé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ń gán bọ́tìnnì.

"Màámi, ó jọ pé wọ́n fẹ́ lé mi níbi iṣẹ́."

"Kí lo ṣe?"

"Mo ya fọ́tò ni."

"Ṣebí fọ́tò ni wọ́n ní kí o máa yà?"

"Èyí tí mo yà kì í ṣe mítà, mà."

Màmá na ọwọ́. "Gbé e wá." Ó wá awò ojú rẹ̀ títí, ó rí i lórí orí ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò. "Ta nìyí?"

"N ò mọ̀ ọ́n, mà."

"Àwọn bàbá yìí ńkọ́?"

"N ò mọ àwọn náà."

"Onígbàjámọ̀ yìí, ṣé òun ló ní kí o ya òun?"

"Ó ń sùn, mà."

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó gbé èyí tó jẹ́ ti aṣọ funfun súnmọ́ ojú, ó pẹ́ lórí rẹ̀ gan-an, ilẹ̀ sì ń ṣú díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ fóònù ń tàn sí i lágbọ̀n.

"Nígbà tí o wà ní kékeré," ló wí, "mo máa ń rò pé ọ̀lẹ lásán ni. Ẹgba tí mo nà ọ́ nítorí iyọ̀ yẹn, kò lóǹkà. Mi ò mọ̀ pé o ń rí nǹkan níbẹ̀ lóòótọ́." Ó dá fóònù padà. "Bí wọ́n bá lé ọ, wá jókòó tì mí. Àwọn ni wọn ó wá ẹni tí yóò máa bá ọ̀pọ̀lọ́ sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́wàá kò tíì lù tí Dúró-ná ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Yàrá náà kò ní fèrèsé. Iná kan ló wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà méjì, àti ọ̀pá ìtilẹ̀ kan tí wọ́n gbé kọ́ etí tábìlì. Ọkùnrin tó jókòó níbẹ̀ ti hewú, ojú rẹ̀ pupa bíi ti ẹni tó ti wo nǹkan kan náà jù.

Dúró-ná kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Iṣẹ́ èṣù ni."

"Dìde. Èṣù kò mọ fọ́tò yà tó báyìí." Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, láti orí aṣọ bẹ́ẹ̀dì títí dé ti àná. "Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi ọ́, ó ti pẹ́ tí mo gbé e sínú. Onígbàjámọ̀ yìí, ṣé ó padà jí?"

Dúró-ná wò ó bóyá ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Kò jọ bẹ́ẹ̀.

"Ó jí, sà. Ọmọ rẹ̀ ló fi ìyẹ́ adìẹ rìn ín nímú."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Ọkùnrin náà fẹ̀yìn ti àga bí ẹni tó mu omi tútù. "Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ka mítà òpópónà wọ̀nyẹn kí o tó dé. Kòtò kan tí ìdérí rẹ̀ ti dípẹtà ló gba orúnkún mi. Ọdún mẹ́fà rèé tí bọ́ọ̀sì ọ́fíìsì ń gbé mi wá, tó ń gbé mi padà, tí mò ń wo mítà láti àárọ̀ dalẹ́. Ọjọ́ tí aṣọ funfun yìí yọ láàárín wọn, mo rò pé mo ti sùn lọ ni."

Ó wá sọ ìdí tó fi pè é. Ọ̀gá àgbà ti rí i pé ẹ̀rọ ti kún. Wọ́n ní ohunkóhun tí kì í bá ṣe mítà, kí ó pa á rẹ́ kí iṣẹ́ òní tó parí.

"Mo ti sọ fún wọn pé bọ́tìnnì fóònù rẹ ló ń ṣe ségesège," ló wí. "Wọn ò ní fún ọ ní ìwé ẹ̀sùn kankan. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí n parọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ṣé o ní fóònù tìrẹ tí a lè kó wọn sí?"

Dúró-ná mú tirẹ̀ jáde nínú báàgì, èyí oníbọ́tìnnì tó fi ń pe màmá rẹ̀. Àwọn méjèèjì wò ó. Kò gba fọ́tò.

"Ó dáa," ni ọkùnrin náà wí. "Fa àga yẹn súnmọ́ mi."

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbé wọn wò. Dúró-ná á sọ ibi tó ti rí i, ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó kúrò níbẹ̀. Ọkùnrin náà á béèrè bóyá wọ́n ti gé igi tó wà níwájú ilé kan, bóyá ìyá kan ṣì ń jókòó sí ojú ọ̀nà. Bó bá gbọ́ tán, á rọra tẹ bọ́tìnnì, àwòrán á sì lọ. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń pa fìtílà nínú ilé ńlá, yàrá kan lẹ́yìn èkejì. Agogo oúnjẹ ọ̀sán lù, kò sẹ́ni tó dìde nínú àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n dé orí ipa ẹsẹ̀ ọmọdé, ọkùnrin náà kò béèrè ohunkóhun. Ó gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e lé e.

"Tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ," ló wí nígbẹ̀yìn.

Dúró-ná tẹ̀ ẹ́. Kò sunkún níbẹ̀. Inú bọ́ọ̀sì ni ẹkún tó dé bá a, tí ìyá kan tó jókòó tì í sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó máa gba kámú, pé òkú kì í gbọ́ ẹkún.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Mítà ló ń yà, kò ya nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n dídúró kò fi í sílẹ̀. Á dúró láàárín ọ̀nà, fóònù á wà nínú àpò, oníkẹ̀kẹ́ á máa fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó bá wá mú ìwé ẹ̀hónú àwọn onílé lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ẹtì, á yà sí yàrá tí kò ní fèrèsé, á sọ ohun tó rí. Òǹyẹ̀wò á dijú. "Apá ibo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀?" ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Ọjọ́ kan wà tó ti rẹ Dúró-ná, tó kàn gé ọ̀rọ̀ náà kúrú. Ọkùnrin náà la ojú kan. "Kò hàn," ló wí. "Padà." Ẹ̀rín pa wọ́n débi pé obìnrin tó ń nu ilẹ̀ kan ilẹ̀kùn láti béèrè bóyá kò sí nǹkan.

Àbúrò Dúró-ná ọkùnrin, awakọ̀ akẹ́rù, ló fún un ní fóònù lẹ́yìn oṣù márùn-ún. Màmá ló fi ariwo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Fóònù àtijọ́ ni, ojú rẹ̀ ti sán láti igun dé igun, ṣùgbọ́n ó ń ya fọ́tò. Màmá sọ pé òun ni wọn ó kọ́kọ́ yà. Ó wọ aṣọ tó dáa, ó jókòó ṣánṣán lórí bẹ́ẹ̀dì, ó le ojú koko bí ẹni tí ọlọ́pàá ń ya fọ́tò rẹ̀. Dúró-ná yà á ní ìgbà mẹ́wàá, kò sí èyí tó jọ màmá rẹ̀. Ó rẹ Màmá, ó bẹ̀rẹ̀ láti họ ẹsẹ̀, ó sì yán lójijì, yíyán gígùn kan báyìí tí ojú rẹ̀ méjèèjì fi pòórá. Fóònù dún, Dúró-ná ti yà á.

"Pa á rẹ́!"

"N ò pa á rẹ́, mà."

Ọjọ́ méjì ni Màmá fi bínú. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé e fún aránbàtà wò.

Fóònù náà kì í ṣe ti ọ́fíìsì, Dúró-ná kò sì fẹ́ mú un wọ ibi tí ọ̀rọ̀ fọ́tò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Òǹyẹ̀wò ló ní òun á wá wò ó nílé. Ọjọ́ Sátidé kan ló dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Àtẹ̀gùn méjìlélógún ló gùn, ó sinmi lẹ́ẹ̀mẹta. Kò tíì jókòó dáadáa tí Màmá fi kọ ojú sí i.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ wà nídìí omi yìí? Mítà ilé wa, ó ń sáré ju ẹṣin lọ. Ẹni méjì! Ṣé à ń wẹ erin níbí ni?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, àlejò ni wọ́n," ni Dúró-ná wí.

Ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin náà ti là. "Níbo ni mítà ọ̀hún wà, mà?"

"Ìsàlẹ̀."

Bí ó ṣe gba àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀ padà nìyẹn, Màmá tẹ̀ lé e, Dúró-ná di apá rẹ̀ mú. Ó lóṣòó sí ìdí mítà pẹ̀lú orúnkún tó ń ké, ó gbé etí lé páìpù, ó ní kí gbogbo wọn dákẹ́. Ẹ̀rọ omi ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù aránbàtà, tó ń gba omi láti inú mítà wọn, ló ń jò, ó ti ń jò fún oṣù mélòó kan, abẹ́ pákó ló ń gbà lọ. Aránbàtà búra pé òun ò gbọ́ ohunkóhun. Màmá ní òun ti mọ̀ pé ẹnì kan ń fi omi àwọn ṣòfò, pé ohun tó kù náà ni kí òun rí ojú rẹ̀.

Orúnkún Òǹyẹ̀wò kò gbà kó tún gun òkè. Aránbàtà, tí ìtìjú ti bá, gbé àga mẹ́ta jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí àpótí iṣẹ́ rẹ̀. Fóònù tó sán bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wọlé láti ẹnu ọ̀nà, ó tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, aránbàtà ń na ọrùn, Màmá ń ṣàlàyé fọ́tò tí kò sí níbi tí wọ́n ti yà á, Òǹyẹ̀wò sì ń béèrè apá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá. Dúró-ná ń gbọ́ wọn bí ẹni tó wà nínú oorun tó sì mọ̀ pé ará ilé òun ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ Sátidé tí orúnkún rẹ̀ bá gbà fún un, Òǹyẹ̀wò a máa wá. Kì í gun òkè. Màmá ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá a, Màmá sì ti ní ìrọ̀rí tirẹ̀ lórí ọ̀kan nínú àwọn àga náà, tí aránbàtà kò gbọdọ̀ jókòó lé.